Àṣẹ́kù ni, kì í ṣe ìdọ̀tí

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n kọ "ìdọ̀tí inú náílọ́ọ̀nù" fún káprólákítámù, kẹ́míkà tó máa ń ṣẹ́ kù nínú irú náílọ́ọ̀nù kan tí à ń pè ní náílọ́ọ̀nù 6. Ìta ni ìdọ̀tí ti ń wá. Káprólákítámù tó wà nínú náílọ́ọ̀nù 6 kò ti ibì kankan wá: òun gan-an la fi ṣe náílọ́ọ̀nù náà, láti ìgbà tí Paul Schlack, onímọ̀ kẹ́míkà, ti kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì lọ́dún 1938. (Ọ̀rá tí àwọn èèyàn ń pè ní náílọ́ọ̀nù kọ́ ni mò ń sọ o; èyí tí wọ́n fi ń ṣe òwú àti okùn ni.) Bí òrùka ni ẹyọ káprólákítámù kọ̀ọ̀kan ṣe rí: òrùka náà á ṣí, á so mọ́ òmíràn, títí yóò fi di ẹ̀wọ̀n gígùn. Ṣùgbọ́n gbogbo òrùka kọ́ ló ń ráyè wọ ẹ̀wọ̀n. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá á ṣì wà níbẹ̀, òun àti àwọn òrùka kéékèèké mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Èyí tí omi kò kó tán ni à ń wọ̀n.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ní kí n pe èyí tó kù yìí ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Rárá! Ìsàlẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń sílẹ̀ sí. Èyí wà káàkiri inú náílọ́ọ̀nù. "Ìyókù" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyókù lè pọ̀ ju ohun tí a mú lọ. Inú àṣẹ́kù la ti ń gbọ́ pé iṣẹ́ kan ti wáyé, pé èyí ni iṣẹ́ náà kò lò tán. Mi ò ní fi í sílẹ̀.

Báwo wá ni infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, ṣe ń wọ̀n ọ́n? Da ìlẹ̀kẹ̀ sínú igbá, dé e, kí o sì mì í. Èyí tí a ti sín ní bó ṣe ń dún, èyí tó tú ká ní ohùn tirẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ ọn lára á mọ bí èyí tó tú ká ṣe pọ̀ tó láì ṣí igbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni infrared ṣe ń mú kí ẹ̀wọ̀n àti òrùka mì, tí kálukú fi ń ní "ohùn" tirẹ̀. Ohùn tó wà ní nǹkan bí 1540 cm⁻¹ (cm⁻¹ ni a fi ń sọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà), ti ẹ̀wọ̀n ni; òrùka káprólákítámù kò ní in, nítorí ẹ̀gbẹ́ kan náà ni N-H (náítírójìn àti háídírójìn tó so pọ̀) àti C=O (kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn tó so pọ̀) rẹ̀ kọjú sí. A ó kọ́kọ́ fi àwọn náílọ́ọ̀nù tí a ti mọ ìwọ̀n àṣẹ́kù wọn kọ́ ẹ̀rọ náà létí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ti ìta wá lóòótọ́: omi inú afẹ́fẹ́, tí náílọ́ọ̀nù ń fà mu. Ohùn tirẹ̀ wà ní nǹkan bí 1640 cm⁻¹, níbi tí C=O náílọ́ọ̀nù ti ń dún jù, a sì máa bo ìyàtọ̀ tí à ń wá mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí náílọ́ọ̀nù náà gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé e síwájú ẹ̀rọ.