Gbígbẹ́ ọ̀ṣọ́ òkúta sára ilé

Gbígbẹ́ ọ̀ṣọ́ òkúta sára ilé ni iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń sọ òkúta ilé di ewé, òdòdó, orí ènìyàn, ẹranko tàbí ọnà mìíràn, yálà kí wọ́n tó gbé òkúta náà sórí ògiri ni o, tàbí lẹ́yìn tí ó bá ti wà ní àyè rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹni tó ń gé òkúta kí igun rẹ̀ gún, kí ojú rẹ̀ sì tẹ́jú. Ìgbà tí ìyẹn bá ṣe tiẹ̀ tán ni agbẹ́kùúta ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti lè rí iṣẹ́ yìí láti ìpìlẹ̀ dé ṣóńṣó orí ilé ni Kàtídírà Orílẹ̀-èdè ní ìlú Washington, ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1907 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lójú Ààrẹ Theodore Roosevelt. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990 ni wọ́n tó gbé òkúta ìparí lé e. Ọdún 83 gbáko nìyẹn, ọ̀pọ̀ agbẹ́kùúta ló sì ti ibẹ̀ darúgbó.

Òkúta náà

Òkúta ẹfun láti ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n fi kọ́ kàtídírà yìí, irú èyí tó wà lára Empire State Building ní New York. Ẹbí kan náà ni òun àti òkúta tí wọ́n ń wà ní Ẹwékorò fún sìmẹ́ǹtì: ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun ló kó ara jọ, tó di òkúta. Ṣùgbọ́n ti Indiana kúnná, ó sì dọ́gba jálẹ̀. Kò ní ìlà tó lè dédé là bí igi, nítorí náà irin ń wọ̀ ọ́ láti ìhà gbogbo. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á, omi ilẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì rọ̀ díẹ̀. Bí omi náà bá ṣe ń gbẹ ni ó ń le sí i. Akọ òkúta kò ní irú ojú àánú bẹ́ẹ̀.

Láti amọ̀ dé òkúta

Ó ṣọ̀wọ́n kí agbẹ́kùúta máa ro àwòrán tuntun nídìí òkúta. Ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ọ́n, tí wọn yóò sì fi P.O.P., irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, da ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà yìí ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbẹ́kùúta. Kí ó lè gbé ìwọ̀n láti ara rẹ̀ sára òkúta, ó ní ohun èlò kan tó ń dúró lójú àmì mẹ́ta, tó sì ní abẹ́rẹ́ gígùn kan tó ń wọlé tó ń jáde. Yóò ti abẹ́rẹ́ náà títí yóò fi kan imú ère P.O.P., yóò dè é níbẹ̀, yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sára òkúta. Bí abẹ́rẹ́ kò bá tíì wọlé dé ibi tí wọ́n dè é sí, a jẹ́ pé òkúta ṣì pọ̀ níbẹ̀. Yóò gbẹ́ díẹ̀, yóò tún dán an wò. Orí ènìyàn kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àmì bẹ́ẹ̀ kí ojú tó jọ ojú.

Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ wọlé láti ṣí èyí tó pọ̀ jù kúrò. Irin eléyín ló tẹ̀lé e, tó ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí ẹni fi òòyà ya iyanrìn. Irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ló ń pa ìlà wọ̀nyẹn rẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn agbẹ́gilére wa, tó mọ ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín, kò ní ṣàjèjì sí ètò yìí.

Òòlù ọwọ́ àti òòlù afẹ́fẹ́

Òòlù onígi tàbí onírin ni wọ́n ń lò látijọ́. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ ni òòlù afẹ́fẹ́ dé. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀, irú èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà, ló ń fún un lágbára. Irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń lu ìdí irin ìgbẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbẹ́kùúta kò ju apá mọ́: ọwọ́ ọ̀tún di òòlù mú, ọwọ́ òsì ń darí irin lójú òkúta.

Girándà tó ní abẹ dáyámọ́ńdì dé lẹ́yìn èyí. Wọ́n ń fi la òkúta ní ìlà-ìlà bí ẹni ń gé búrẹ́dì, wọn yóò sì fi òòlù ṣẹ́ àwọn pẹlẹbẹ tó bá dúró láàárín. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ lè di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí náà lè gbẹ́ ère kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi parí ojú rẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá ló nira jù, torí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó: a gbọ́dọ̀ gbẹ́ abẹ́ ìpéǹpéjú àti ìdí ewé jinlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kí òjìji lè dúró níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun gbogbo yóò pẹlẹbẹ mọ́ ara wọn.

Ìka tó ń funfun

Òòlù afẹ́fẹ́ kò wá lásán. Ní ọdún 1918, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Alice Hamilton, lọ yẹ àwọn tó ń gé òkúta wò ní Bedford, ní Indiana kan náà. Ó rí i pé ìka wọn ń kú, ó sì ń funfun báláú nígbà òtútù, pàápàá ìka ọwọ́ òsì tó ń di irin mú. Gbígbọ̀n òòlù ló fà á. Eruku ni ewu kejì. Ti òkúta ẹfun kò le tó ti akọ òkúta, tí sílíkà, èròjà inú iyanrìn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí a bá fà á símú, pọ̀ nínú rẹ̀: ní Barre, ní ìpínlẹ̀ Vermont, eruku akọ òkúta ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa eruku sínú ilé iṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1930.

Àwọn ère Washington

Roger Morigi, ọmọ Ítálì, ni ọ̀gá agbẹ́kùúta kàtídírà náà títí di ọdún 1978. Vincent Palumbo, ọmọ Ítálì bíi tirẹ̀ tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ agbẹ́kùúta, ló gbapò rẹ̀. Lábẹ́ Palumbo ni wọ́n gbẹ́ àwòrán ìṣẹ̀dá ayé tí Frederick Hart ṣe, tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn. Hart fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́kùúta ibẹ̀ rí.

Gargoyle, ìyẹn ère ẹranko tàbí iwin tó yọ orí jáde lára ògiri, 112 ló wà lára ilé náà. Ọ̀ṣọ́ nìkan kọ́ ni wọ́n: ihò omi gba ẹnu wọn jáde, kí òjò orí òrùlé má bàa máa ṣàn lára ògiri. Ère tí kò bá ní ihò omi kì í ṣe gargoyle, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Ère tí àwọn àlejò ń wá jù lọ kò sì ní ihò omi: orí Darth Vader, ìkà inú fíìmù Star Wars, tó wà lókè ilé ìṣọ́ àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ọmọdé kan ló fi àwòrán náà díje ní àwọn ọdún 1980. Ó jìnnà sókè débi pé awò awọ̀nàjíjìn ni wọ́n fi ń rí i. Ní ìloro ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó wà nínú ilé náà, orí Rosa Parks, obìnrin tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, wà nítòsí ojú.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ tó 5.8 mi ilé náà. Àwọn ṣóńṣó òkúta yí lórí ìdí wọn, àwọn kan já wálẹ̀, orí áńgẹ́lì àti ewé òkúta sì fọ́n ká. Àwọn agbẹ́kùúta kó àwọn tó ṣeé tún ṣe jọ, wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà so wọ́n pọ̀. Fún èyí tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n gé òkúta Indiana tuntun, wọ́n gbé èyí tó fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wọn ọ̀kan láti fi gbẹ́ èkejì.