Iléèwé Faransé ní Ontario: Ilẹ̀kùn Wo Ni Ọmọ Yín Lè Gbà Wọlé?

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí iléèwé wọlé nígbà tí ìyá kan pè mí láti Brampton, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà. Ọmọ Ìbàdàn ni òun, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kàwé, ni ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ti rí iléèwé Faransé fún ọmọ wa, kò sì jìnnà sílé.” Mo bi í lórúkọ iléèwé náà. Iléèwé Gẹ̀ẹ́sì ni. Immersion ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní iléèwé Faransé ti ìjọba ní Ontario, àṣìmú yìí ni mo rí jù. Immersion wà fún ọmọ iléèwé Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ fi Faransé kún ìmọ̀ rẹ̀. Iléèwé Faransé gan-an yàtọ̀: Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, òun ni wọ́n fi ń pariwo lórí pápá bọ́ọ̀lù, òun náà ni wọ́n máa fi kọ lẹ́tà sí yín sílé. Gẹ̀ẹ́sì ò ju iṣẹ́ kan lọ láàárín iṣẹ́ yòókù, kíláàsì kẹrin ni wọ́n sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má dààmú nítorí Gẹ̀ẹ́sì o. Tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ọmọ àdúgbò á kọ́ ọ.

Ìgbìmọ̀ aláṣẹ iléèwé Faransé 12 ló wà ní Ontario. 8 jẹ́ ti Kátólíìkì, 4 jẹ́ ti gbogbogbò tí kò so mọ́ ẹ̀sìn kankan. Nínú mẹ́rin yìí, Viamonde ló ń bójú tó Toronto àti apá gúúsù títí dé Windsor, CEPEO ló wà ní Ottawa, méjì yòókù wà lápá àríwá. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Àwọn elédè Faransé ò rí èyí gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ̀. Lọ́dún 1912, ìjọba Ontario gbé òfin kan jáde tí wọ́n ń pè ní Règlement 17, pé Faransé kò gbọdọ̀ jẹ́ èdè ìkọ́ni kọjá ọdún méjì àkọ́kọ́. Ní 1916, àwọn ìyá ọmọ dúró ṣọ́ iléèwé Guigues ní Ottawa, abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń de fìlà mọ́ irun wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa lé olùkọ́ àwọn jáde. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìyá Yorùbá lè ṣe nítorí ọmọ, èyí ò ní yà á lẹ́nu. 1927 ni òfin náà tó rọ̀, ó sì di 1998 kí wọ́n tó ní ìgbìmọ̀ aláṣẹ tiwọn káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Abala 23 nínú Ìwé Ẹ̀tọ́ àti Òmìnira Kánádà, ti 1982, ló sọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti fi ọmọ sí iléèwé Faransé. Òbí gbọ́dọ̀ ti di ọmọ Kánádà lábẹ́ òfin, kí ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta sì wà: kí Faransé jẹ́ èdè tó kọ́kọ́ gbọ́ tó ṣì ń yé e, tàbí kó jẹ́ Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà, tàbí kí ọmọ rẹ̀ kan ti kàwé, tàbí kó ń kàwé lọ́wọ́, ní Faransé ní Kánádà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ lè fi Faransé kàwé láti kékeré dé yunifásítì. Síbẹ̀, bí fọ́ọ̀mù bá bi í pé èdè wo ló kọ́kọ́ gbọ́, Yorùbá ni. Ọkọ obìnrin yìí ti fẹ́ kọ Faransé síbẹ̀. Mo ní kó má dán an wò. Kò nílò irọ́, ọ̀nà mìíràn wà.

Ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé ni ọ̀nà náà. Ọ̀gá iléèwé, olùkọ́ kan àti alábòójútó kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá fọwọ́ sí i, ọmọ wọlé nìyẹn. Láti 2009 sì ni ìjọba Ontario ti mú kí ìtumọ̀ elédè Faransé gbòòrò, kó lè gba ẹni tí èdè abínibí rẹ̀ kì í ṣe Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tó gbọ́ Faransé, tó sì ń sọ ọ́ nílé. Nígbà tí èmi náà jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa ń wò ni bóyá ẹnì kan wà nílé tó máa lè bá ọmọ ka ìwé rẹ̀. Nígbà tí ó kan ọkọ obìnrin yẹn, ìgbìmọ̀ bi í pé èdè wo ló ń bá ọmọ rẹ̀ sọ. Ó ní, “Yorùbá ni mo fi ń bá a wí, Faransé la fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Faransé rárá náà lè béèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ṣetán láti kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ọmọ á dá nìkan gbé ẹrù náà. Ní tèmi, immersion sàn fún yín.

Bí ọmọ kan bá ti ń kàwé níbẹ̀, tí ẹ wá di ọmọ Kánádà, àwọn àbúrò rẹ̀ náà ti ní ẹ̀tọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀tọ́ ń dúró de àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Immersion kì í fúnni ní èyí.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè ibi tí girama Faransé tó sún mọ́ yín wà, torí ọ̀nà jíjìn ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá máa pé ọdún mẹ́rin kí Oṣù Kejìlá tó parí lè bẹ̀rẹ̀ maternelle, ìyẹn jẹ́lé-ó-sinmi, ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Ẹ mú ìwé ìbí, ìwé ìwọ̀lú, ẹ̀rí àdírẹ́sì àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dání. Bí káàdì náà bá ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Kétu, ẹ tètè ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.