Àyẹ̀wò Kóòdù: Iṣẹ́ Tó Dàgbà Ju Kọ̀ǹpútà Lọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá PR ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi níbi iṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta. (PR ni kóòdù tuntun, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, tí èèyàn fi sílẹ̀ kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò.) Ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà yìí? Ṣé dandan ni kí ẹlòmíì yẹ kóòdù mi wò kí n tó merge, kí n tó dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo wa ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, torí mo mọ ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì máa sọ fún un, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Wọ́n á ní Michael Fagan ni, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, tó gbé ètò àyẹ̀wò rẹ̀ jáde lọ́dún 1976: kí èèyàn bíi mẹ́rin jókòó ti kóòdù, kí ẹnì kan máa darí wọn, kí wọ́n kà á fínnífínní, kí ìjókòó náà má sì kọjá wákàtí méjì. Òótọ́ ni, ọkùnrin náà ṣe bẹbẹ. Àmọ́ ẹni tó kan páànù tuntun sórí ilé ò lè ní òun lòun fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Ohun tí èmi ń sọ ni pé àyẹ̀wò yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Mo tiẹ̀ tún máa sọ jù bẹ́ẹ̀: àyẹ̀wò ló bí kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Greenwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1765. Ọdún yẹn ni Nevil Maskelyne di onímọ̀ ìràwọ̀ fún ọba. Àwọn atukọ̀ ìgbà náà mọ bí wọ́n ṣe jìnnà sí àríwá tàbí gúúsù tó, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rìn tó sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n tí Maskelyne ń tì lẹ́yìn ni pé kí atukọ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín òṣùpá àti oòrùn, tàbí òṣùpá àti ìràwọ̀ kan, kó wá ṣí ìwé tó ti sọ tẹ́lẹ̀ iye tí àlàfo náà máa jẹ́ ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta nípa aago Greenwich. Orúkọ ìwé náà ni Nautical Almanac. Ti ọdún 1767 ni àkọ́kọ́ rẹ̀.

Eré kọ́ o. Bí nọ́ńbà kan nínú ìwé náà bá fi ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì yẹ̀, ọkọ̀ tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé á rò pé òun wà níbi tó fi bíi máìlì ojú omi 30 jìnnà sí ibi tó wà gan-an. Inú òkùnkùn, àpáta níwájú.

Ta ló wá ń ṣírò gbogbo rẹ̀? Èèyàn ni. Orúkọ tí wọ́n sì ń pe àwọn èèyàn náà ni computer. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì láti 1613, èèyàn tó ń ṣírò ló sì ń tọ́ka sí fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kí ẹ̀rọ tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Putare tó wà nínú rẹ̀, Látìn ni. Kéèyàn gé ẹ̀ka tí kò wúlò kúrò lára igi ni wọ́n ń lò ó fún tẹ́lẹ̀, kó tó wá di ìṣirò. Nígbà tí mo ti ya ọ̀rọ̀ sí ìdí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ti "yẹ̀wò" tiwa náà. Bóyá ọ̀kan náà ni "yẹ̀" inú rẹ̀ àti èyí tí a ń wí nígbà tí a bá ní "yẹ̀ lọ́nà fún mi". Ẹni tó ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ díẹ̀, kí ẹlòmíì tó lè rí i wò. Àwọn onímọ̀ èdè lè bá mi jà, ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Bí Maskelyne ṣe ń darí àwọn èèyàn rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Wọn kì í jókòó sójú kan. Ilé kálukú ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwa tí Kòrónà kọ́ ní ṣíṣe iṣẹ́ látilé, ìgbà wo la tó dé? Ìṣirò oṣù kan náà ni wọ́n á fún èèyàn méjì, kálukú á ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn méjèèjì á wá fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kẹta, tí wọ́n ń pè ní comparer, afiṣẹ́wéra. Òun á tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á máa wo ibi tí wọn ò ti bára mu. Malachy Hitchins, àlùfáà kan ní Cornwall, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Ludlow, Mary Edwards ń ṣírò nílé, àmọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, John, ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ náà kú lọ́dún 1784, Mary ń bá iṣẹ́ lọ ní orúkọ ara rẹ̀. Eliza ọmọ rẹ̀ náà wọ iṣẹ́ yìí, ó sì ń ṣe é títí di 1832.

Lọ́dún 1770 ni àṣírí kan tú. Joseph Keech àti Reuben Robbins, méjì nínú àwọn computer yìí, ń da iṣẹ́ ara wọn kọ. Ẹni méjì di ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá ṣì í, èkejì á ṣì í bákan náà, afiṣẹ́wéra á wò ó, á rí i pé ó bára mu rẹ́gí, ọkọ̀ á sì lọ forí sọ àpáta. Maskelyne lé àwọn méjèèjì lọ.

Mo mọ Keech àti Robbins dáadáa. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀rẹ́ méjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń fọwọ́ sí PR ara wọn. Ìlà ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú kan: LGTM, ìyẹn "ó dáa lójú mi". Ní ìrọ̀lẹ́ Friday kan, wọ́n merge ohun kan tó ń yọ owó iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán Saturday la tó mọ̀, èmi ni mo sì gbé fóònù àwọn tó ń ṣépè.

Ká padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1821, Charles Babbage, onímọ̀ ìṣirò, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Herschel gbé ìṣirò ìràwọ̀ oríṣi méjì kalẹ̀, tí èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, wọ́n ń fi wọ́n wéra. Ẹ ṣàkíyèsí o: iṣẹ́ Hitchins ni wọ́n ń ṣe. Àṣìṣe ń jáde lórí àṣìṣe. Ó sú Babbage, ó ní ì bá wu òun kó jẹ́ pé agbára ooru omi ló ń ṣe ìṣirò wọ̀nyí. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀rọ aṣèṣirò. Ṣé ẹ wá rí ohun tí mò ń wí? Reviewer tí àyẹ̀wò sú ló ronú kan kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó sì di 1843, tí Ada Lovelace, obìnrin onímọ̀ ìṣirò kan, ń kọ àlàyé nípa ẹ̀rọ kejì tí Babbage fẹ́ kàn, Babbage ní kí òun bá a ṣe ìṣirò nọ́ńbà Bernoulli, kí wàhálà rẹ̀ lè dín kù. Ada dá a padà fún un. Babbage fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe ńlá lòun ṣe, Ada ló sì rí i. Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń jiyàn pé Babbage ló ṣe gbogbo iṣẹ́ Ada. Kí wọ́n lọ ka ohun tí Babbage fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ẹ jẹ́ ká fò dé Philadelphia, 1946. Àwọn obìnrin mẹ́fà tó ṣètò iṣẹ́ fún ENIAC, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá kan, computer ni orúkọ iṣẹ́ tiwọn náà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò bí ọta àgbá ṣe máa rìn lójú òfuurufú. Ogún Maskelyne dé ọwọ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Méjì nínú wọn, Betty Snyder àti Jean Jennings, jọ ń ṣe é ni, wọ́n ń wá àṣìṣe ara wọn. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà han àwọn èèkàn ìlú, ohun kan kọ̀: ọta inú ìṣirò náà balẹ̀, kò dúró, ó ń wọnú ilẹ̀ lọ. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Betty lọ sùn, ó jí, ó ti mọ súwíìṣì tó fà á.

Lọ́dún 1949, Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò, sọ̀rọ̀ ní Cambridge lórí bí a ṣe lè yẹ ètò kọ̀ǹpútà ńlá wò ká sì mọ̀ pé ó tọ̀nà. Ó ní ká ro 1374, 5906, 6719, 4337 àti 7768 pọ̀: 26104. Ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohun tí à ń gbé lọ sí òpó kejì. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣe é bá kọ nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú àpapọ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, 3974, sílẹ̀, tó kọ èyí tó gbé, 2213, sábẹ́ rẹ̀, a lè yẹ òpó kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀: ní òpó kejì láti apá òsì, 3, 9, 7, 3 àti 7 jẹ́ 29, ó parí. PR kékeré-kékeré ni Turing ń bẹ̀bẹ̀ fún yẹn.

John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò, náà, gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé Gerald Weinberg ṣe ròyìn rẹ̀, a máa sọ fáyé pé òun ò mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ, a sì máa ti ètò rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì kí wọ́n bá òun wá àṣìṣe ibẹ̀.

Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Fagan dé. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí wọ́n ń fi íméèlì yẹ kóòdù wò. Guido van Rossum ṣe Mondrian, ohun èlò àyẹ̀wò kóòdù, fún Google ní 2006, GitHub, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde ní 2008, gbogbo ayé wá ń tẹ bọ́tìnì.

Ọmọ tí mo kọ èyí fún ti kà á. Kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo rí i láàárọ̀ yìí pé ó pín PR náà sí mẹ́ta, ó sì yọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í kúrò, ó fi ti obìnrin kan ní ọ́fíìsì wa ti Ìbàdàn sí i. Obìnrin náà ti dá ọ̀kan padà.