Òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìdílé rẹ̀ (àwòrán Debret)

Àwòrán yìí, tí ó fi òṣìṣẹ́ ìjọba kan hàn bó ṣe ń kó ìdílé rẹ̀ jáde nílé, jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí Jean-Baptiste Debret (1768–1848), ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀dà tí a pò mọ́ omi yà nípa ìgboro Rio de Janeiro. Ọdún 1816 ló dé Bràsíl, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1831. Ó tẹ àwòrán náà sínú apá kejì ìwé tó kọ nípa Bràsíl ní 1835, ó sì ṣàlàyé ẹni tí olúkúlùkù jẹ́.

Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálé ló ṣíwájú. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó tó lóyún ló kàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹrú ti bẹ̀rẹ̀: ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, tó jẹ́ àdàlù funfun àti dúdú, obìnrin dúdú tó ń fún ọmọ wọn lọ́mú, ẹrú tó ń ṣèránṣẹ́ fún olómú yìí, ìránṣẹ́kùnrin baálé, ọmọdékùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé, lẹ́yìn náà, ẹrú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Debret kọ ọ́ pé ẹrú gbogbo àwọn yòókù lẹni yìí.

Ibí gan-an ni àwòrán náà ti lágbára jù. Kì í ṣe olówó àti ẹrú nìkan ló yàtọ̀ síra. Àwọn ẹrú pàápàá ní ipò láàárín ara wọn, àwọ̀ ara, iṣẹ́ ọwọ́ àti bí wọ́n ti pẹ́ tó nínú ilé ló sì ń sọ ọ́. Bàtà pẹ̀lú jẹ́ àmì òmìnira nígbà yẹn, nítorí ẹsẹ̀ lásán ni ẹrú sábà máa ń rìn.

Debret tún ya àwọn ẹrú tó ń kiri ọjà. Olówó wọn á bu iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú wálé fún wọn. Èyí tó bá lé ni tiwọn, àwọn mìíràn sì fi í ra ara wọn padà. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Mina, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá wà lára wọn, gbajúmọ̀ nínú òwò yìí.

Ó yẹ kí a rántí pé ayàwòrán ààfin ni Debret, kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹrú tó tò lẹ́yìn baálé yìí sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé náà dé Bràsíl, apá kejì yìí kò dùn mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú, torí bó ṣe fi ìlò ẹrú hàn. Ọdún 1888 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú jáde níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán ọlọ́dà omi Debret wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Chácara do Céu ní Rio, lẹ́yìn tí Raymundo Ottoni de Castro Maya, ọmọ Bràsíl tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, rà wọ́n padà láti Paris.