Kí ìkòkò aró tó wọ inú géèmù

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta rí á mọ̀ pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan. Láyé àwọn ìyá wa, ọkùnrin ló ń gé bátànì sára páànù. Ìyá á gbé páànù náà lé aṣọ funfun, á fi ẹ̀kọ láfún ra ojú ihò rẹ̀, á ṣí i, á tún gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ṣí i. Lẹ́yìn náà ni aṣọ ń lọ sínú aró. Ẹni tó gé páànù lè má fọwọ́ kan aró láéláé, ṣùgbọ́n bí etí páànù bá wọ́, àṣírí á tú lára aṣọ láti òkè dé ilẹ̀.

Bí iṣẹ́ àwòrán géèmù ṣe rí náà nìyẹn. Ọmọ Láfẹ́nwá kan lè mọ ojú èèyàn yà débi pé gbogbo ará ilé á máa pariwo, kó wá kó àwòrán rẹpẹtẹ jọ, kó máa retí pé iléeṣẹ́ géèmù á pe òun. Wọn kò ní pè é. Àwòrán lásán kọ́ ni wọ́n ń rà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ á bọ́ sí ẹlòmíì lọ́wọ́ láìsí wàhálà, tí fóònù á sì lè gbé, ni wọ́n ń wá.

Orúkọ méjì kan wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ ná, torí bí èèyàn bá ní designer lòun l'Abẹ́òkúta, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni wọ́n máa ní kó bá àwọn ṣe. Nínú géèmù, designer ni ẹni tó ń ṣòfin eré. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó pinnu pé mẹ́rin ni, tí kì í ṣe méjì, iṣẹ́ designer ló ṣe. Bí àwọn ọmọdé bá gbẹ́ ihò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ ta á, ayò náà ni. Ẹni tó wá fi igi gbẹ́ ọpọ́n, tó fín ara rẹ̀, ayàwòrán nìyẹn. Páálí àti ìdérí mínírà ti tó fún designer láti fi bẹ̀rẹ̀: á fi wọ́n ṣe eré kékeré kan, á gbé e fún ọmọ àdúgbò, á wá panu mọ́. Ibi tí ọmọ náà bá ti béèrè pé “kí ni kí n ṣe báyìí?” ni òfin náà ti lábùkù. Ìpanumọ́ yẹn nira ju bó ṣe dún létí lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù níbí, ti ayàwòrán ni.

Ká mú nǹkan kan ṣoṣo: ìkòkò aró, nínú géèmù tí ọmọ kan ti ń sáré gba inú ọjà kọjá. Ayàwòrán á kọ́kọ́ ya fọ́tò ìkòkò gidi, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lókè, pẹ̀lú èèyàn tó dúró tì í kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn. Á yà á lọ́wọ́, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè fẹnu kò lórí bó ṣe máa rí. Lẹ́yìn náà ló máa tó mọ ọ́n nínú kọ̀ǹpútà. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Blender ni ọ̀pọ̀ ń lò fún èyí, torí ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì ti wà ní gbangba fún gbogbo ayé láti 2002.

Ìkòkò kò sí nínú fóònù o. Onígun-mẹ́ta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, tí wọ́n so mọ́ra wọn bí àwọ̀n. Bí igun 8 bá yí ìkòkò ká, ẹnu rẹ̀ á rí bíi nọ́ọ̀tì mẹkáníìkì. Bó bá jẹ́ 16, ojú á gbà pé ó rí róbótó. Òrùka 10 láti ìdí dé ẹnu, igun 16 lára òrùka kọ̀ọ̀kan: onígun-mẹ́ta 288 ni gbogbo ara rẹ̀ láìka ìdí. Ọ̀gbẹ̀rì á lo òrùka 40 àti igun 64, ó di 4,992, ìkòkò náà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ lójú fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ìkòkò 20 bá wá wà nínú ọjà ńkọ́? Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 5,760, ti ọ̀gbẹ̀rì ti sún mọ́ 100,000. Bẹ́ẹ̀, géèmù tó bá ń yí àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gbọ́dọ̀ tún gbogbo ọjà yà, tòun ti èèyàn àti òjìji, nínú ìdá kan lára 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ibẹ̀ ni fóònù ti ń gbóná, tí eré á máa fà bí ìgbín.

Tó bá di ti àwọ̀, ó di pé kí wọ́n bọ́ awọ ìkòkò. Télọ̀ tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gé agbádá kan á tú ojú rírán rẹ̀, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún ìkòkò kí wọ́n lè kun àwòrán sí i lára; UV ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni ibi tí èèyàn gbé ojú rírán sí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi í sẹ́yìn tàbí sábẹ́, níbi tí ojú ẹni tó ń fi géèmù ṣeré kò ní dé.

Àwòrán tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ ni texture. Ó sábà máa ń jẹ́ píksẹ́lì (àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán) 512, 1024 tàbí 2048 níbùú lóòró. Tí wọn kò bá fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, èyí tó jẹ́ 1024 á gba mẹ́gábáìtì 4 nínú fóònù. Èyí tó jẹ́ 2048 á gba 16. Ìbú ló di ìlọ́po méjì, ẹrù di ìlọ́po mẹ́rin. Fún ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀ ọjà, 512 ti pọ̀ tó.

Ògiri àti ilẹ̀ ní tiwọn yàtọ̀, torí wọ́n fẹ̀. Texture kan ṣoṣo ni wọ́n ń tò léra wọn títí tó fi kún, bí ìyá ṣe ń ṣí páànù tó ń gbé e síwájú. Etí ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá etí òsì mu, òkè gbọ́dọ̀ bá ìsàlẹ̀ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlà á yọ bí ojú àpá. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé wọ́n á ti àwòrán náà sọ́tùn-ún àti sísàlẹ̀ ní ìdajì, ìyẹn 512 fún èyí tó jẹ́ 1024. Gbogbo etí á bọ́ sáàárín, àléébù á wà lójú kedere, wọ́n á wá kùn ún pa. Ọmọ aládìrẹ tó ti ń wo ìyá rẹ̀ láti kékeré kì í pẹ́ lóye èyí.

Nígbà tí ìkòkò bá wá wọ inú ẹ́ńjìnnì géèmù, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń to géèmù pọ̀, bíi Godot, Unity tàbí Unreal, ẹ̀sín lè ṣẹlẹ̀. Ó lè dùbúlẹ̀ gbalaja, nítorí Z ni Blender ń pe òkè, Y sì ni Unity àti Godot ń pè é. Ó lè kéré bí ọmọ ayò, nítorí sẹ̀ǹtímítà ni Unreal fi ń wọn nǹkan, mítà sì ni Blender ń lò. Ẹni tó gbà á sì lè máa wá fáìlì tí wọ́n pè ní “ikoko_tuntun_gan_2” títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ló ń mú kí iléeṣẹ́ gba ẹnì kan tàbí kí wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, ju bí àwòrán ṣe rẹwà tó lọ.

Ìlú ńkọ́? Ẹni tó bá gun orí Olúmọ á rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kò sí ayàwòrán tó ń mọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ògiri márùn-ún, òrùlé mẹ́ta, fèrèsé méjì àti àwọ̀ ìpẹtà kan tàbí méjì: wọ́n á yí wọn padà, wọ́n á tò wọ́n, ìlú á jáde. Iṣẹ́ yìí dára púpọ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ó fi hàn pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ ṣe púpọ̀.

Ti irinṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ tó 8 GB, máòsì tó ní bọ́tìnnì láàárín, torí Blender ń lò ó láti yí nǹkan po, àti ìwà títẹ Ctrl+S kí NEPA tó gbé iná lọ. Pátákó ìyàwòrán lè dúró di ìgbà mìíràn.

Ohun tí èèyàn á fi hàn, ìyẹn portfolio, nǹkan mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, lórí ìkànnì bíi ArtStation tàbí itch.io. Èyí tó burú jù nínú wọn ni wọ́n máa fi díwọ̀n ẹni, nítorí náà kí ó yọ ọ́ kúrò. Kí ìkòkò náà wà níbẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú àwọ̀n onígun-mẹ́ta rẹ̀, iye wọn, àti texture tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ kékeré, bíi Maliyo Games tó ti wà l'Ékòó láti 2012, sábà máa ń fẹ́ ẹni tó lè ṣe oríṣiríṣi; àwọn ńláńlá lókè òkun lè gba ẹnì kan fún irun orí nìkan. Ẹni tí kò tíì rí ẹgbẹ́ lè wá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì FUNAAB tó mọ kóòdù kọ, kí wọ́n jọ wọ Global Game Jam tó ń wáyé lọ́dọọdún láti 2009, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù kan parí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gbígbé e sórí itch.io, ọ̀fẹ́ ni. Google Play ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà, ń gba dọ́là 100 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan.

Bí iléeṣẹ́ kan bá nífẹ̀ẹ́ sí i, wọ́n lè fi iṣẹ́ ìdánwò ránṣẹ́. Tí ìdánwò náà bá tó ìwọ̀n géèmù odindi, tí kò sì sówó níbẹ̀, ìrẹ́jẹ ni. Kó tó fọwọ́ sí ìwé, kó bi wọ́n bóyá òun lè fi iṣẹ́ náà sínú portfolio òun, torí iléeṣẹ́ ló sábà máa ń ni ohun tí wọ́n bá sanwó fún. Lẹ́yìn tó bá ti fi ìdánwò ránṣẹ́, èsì tó máa padà wá lè má ju ìlà mẹ́ta lọ: dín onígun-mẹ́ta kù, gbé ojú rírán sẹ́yìn, tún fáìlì náà sọ lórúkọ; a fẹ́ ẹ ní Ọjọ́bọ̀.