Ìnàgà ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n fún ẹni kúkúrú

Kí ni ká máa pe "reach" ní Yorùbá, ìyẹn bí iwájú kẹ̀kẹ́, níbi tí hándù wà, ṣe jìnnà tó sí ẹni tó ń gùn ún? Ẹ jẹ́ ká fi "gígùn kẹ̀kẹ́" sílẹ̀. Láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn ni gígùn kẹ̀kẹ́. Bí obìnrin tí kò ga ju 147 cm lọ bá ní kí wọ́n dín gígùn kẹ̀kẹ́ òun kù, kò tíì sọ ibi tó ń dun òun. "Rííṣì" tí àwọn kan ń kọ ò sàn jù ú lọ, etí Yorùbá ò rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "ìnawọ́". Wọ́n ní ọwọ́ la ń nà sí hándù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? "Inawo" lẹ ó rí níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́ á sì rò pé owó lẹ ń bá òun sọ.

Ìnàgà lèmi ń pè é. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan ló ń nàgà: èjìká á ṣí kúrò láyè rẹ̀, ọrùn á le, ìdí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí ìjókòó. Bí ẹni kúkúrú ṣe ń rí lórí kẹ̀kẹ́ eré-ìje tí wọ́n rà lọ́jà nìyẹn gan-an. Àwọn kan ní òkè nìkan la máa ń nàgà sí. Ọmọ tó jókòó ti àwo, tí ẹran wà lápá ọ̀hún, ṣé òkè ló ń nàgà sí?

Ohun tí à ń wọ̀n nìyí. Ẹ fa ìlà tó dúró ṣánṣán láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí lọ sókè, kí ẹ wá wọn bí ìlà yẹn ṣe jìnnà tó sí orí páìpù tí ọrùn hándù wọ̀. Gíga hándù ò le, ẹ má jẹ́ ká fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ á gé páìpù ìjókòó kúrú, wọ́n á kọ "kékeré" sára férémù, ìnàgà rẹ̀ ò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ dín. Bíi télọ̀ tó mú bùbá bàbá, tó gé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ, tí kò fọwọ́ kan èjìká: aṣọ ò wọ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ èjìká ṣì ń já bọ́ sí apá.

Kí ló dé tí wọn ò fọwọ́ kan èjìká? Táyà ni. Rímù 700C, èyí tó wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ eré-ìje, jẹ́ 622 mm láti etí kan dé ìkejì. Bí wọ́n bá fa iwájú kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, táyà á wá bá ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ń yà jẹ́jẹ́ ní kọ́nà, á gbá orí bàtà yín. Kí wọ́n má bàa yí rímù padà, wọ́n á gbé páìpù ìjókòó nàró láti 73 dìgírì sí 75. Lórí ìwé, páìpù òkè, èyí tó so ìdí ìjókòó mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, ti kúrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gùn ún á ti ìjókòó padà sẹ́yìn kó lè wa pẹ́dà dáadáa, bíi sẹ̀ǹtímítà kan fún dìgírì kan, ohun tí wọ́n ló dín kù á sì padà wá. Ìdí pẹ́dà la ti ń wọn ìnàgà, ìjókòó ò lè fi ìyẹn tàn yín.

Georgena Terry, ẹnjiníà kan ní ìpínlẹ̀ New York, dá ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní 1985. Ó fi táyà 24 ínǹṣì síwájú àwọn kékeré inú wọn, ó sì fi 700C sẹ́yìn. Ó gbọ́n gan-an, ọ̀wọ̀ ńlá ni mo ní fún un. Ṣùgbọ́n òfin ìdíje UCI, àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé, ní kí táyà méjèèjì kẹ̀kẹ́ eré-ìje ojú títì dọ́gba, kí wọ́n má sì kéré ju 55 cm lọ.

Nítorí náà, 650C níwájú àti lẹ́yìn ni mo fara mọ́. Rímù rẹ̀ jẹ́ 571 mm, etí táyà á sì fi bíi 2.5 cm jìnnà sí ẹsẹ̀ ju ti 700C lọ. Táyà rẹ̀ ò pọ̀ lọ́jà, ẹ ra èyí tẹ́ ẹ máa tọ́jú. Ẹ fi apá pẹ́dà 150 mm rọ́pò 170 mm, 2 cm mìíràn nìyẹn, orúnkún ò sì ní máa gbá ikùn mọ́. Lẹ́yìn náà lẹ lè wá gé ìnàgà gan-an. Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí ẹni tó máa jó irin férémù yín, ìnàgà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, ní mílímítà, kẹ́ ẹ tó kọ gíga ìjókòó.