Ṣé gómìnà lè gba ilẹ̀ wa bó ṣe wù ú?

Ìbéèrè: Bàbá wa ló fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún wa. Báwo ni ìjọba ṣe wá di onílẹ̀ lé wa lórí?

Ìdáhùn: Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 ni. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, tí wọ́n kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, pé kó máa bá ará ìlú mójú tó o. Látìgbà náà, ẹ̀tọ́ láti máa lo ilẹ̀ lẹ ní lójú òfin, ẹ ò ní ilẹ̀ gan-an. C of O (ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀) tí gbogbo wa ń sáré lé kiri, ẹ̀tọ́ ìlò náà ló ń jẹ́rìí sí. Àwọn ológun ti lọ, òfin wọn ò lọ: ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dì í mú débi pé àtiyí i padà le bí ẹni fẹ́ yí ìwé òfin náà fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Ó wá lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá wù ú nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 28 Òfin Lílo Ilẹ̀ ní àfi tó bá jẹ́ fún àǹfààní gbogbo ìlú. Ọ̀nà, rélùwéè, ilé ìwé, kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà lórí ìyẹn. Àmọ́ wọ́n tún ki ìdàgbàsókè ìlú àti ìgbèríko, ilé iṣẹ́, ọ̀gbìn àti ètò ọrọ̀ ajé bọ̀ ọ́. Kí ló wá kù tí kò sí níbẹ̀? Ẹ̀sìtéètì olówó gọbọi náà, ìdàgbàsókè ni wọ́n máa pè é.

Ibi tí kóòtù ti ń gba mẹ̀kúnnù là nìyí. Nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ lójú korokoro pé bí gómìnà bá fagi lé ẹ̀tọ́ ẹnì kan nítorí ohun tí òfin ò kà sílẹ̀, ìgbésẹ̀ náà lòdì sófin, kódà bó fi àǹfààní ìlú bojú. Kò lè gbà á lọ́wọ́ Táíwò kó lọ gbé e fún Kẹ́hìndé.

Ìbéèrè: Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ X sára fẹ́ǹsì wa. Ṣé ìwé ìkìlọ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ìyẹn kì í ṣe ìwé. X lè jẹ́ ti ilé tí wọ́n kọ́ láìgba àṣẹ, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ, kí òṣìṣẹ́ tí gómìnà fún láṣẹ fọwọ́ sí i, kó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe, kó sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, tàbí ilé rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ ní pósítù. Ìgbà tí wọ́n bá wá orúkọ onílẹ̀ tì, tí wọn ò sì bá ẹnì kankan nílé, ni wọ́n tó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Àwọn kóòtù ti sọ ọ́ léraléra pé kí wọ́n kàn gbé e sínú gásẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba) tàbí ìwé ìròyìn ò tó.

Tí lẹ́tà ọ̀hún bá dé, ẹ má fi ìbínú jù ú sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín ni ẹ̀tọ́ yín parí, àyàfi tó bá dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ gbé e lọ bá lọ́yà kíá.

Ìbéèrè: Èló ni owó gbà-má-bìínú?

Ìdáhùn: Ibí gan-an ló ń dùn mí jù. Abala 29 òfin kan náà ní kí wọ́n san owó ilé, iye tí wọ́n lè fi kọ́ ọ lónìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ti ọjọ́ orí rẹ̀. Kí wọ́n san owó irè oko ní iye tí ìjọba bá dá. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Owó ìlò ilẹ̀ tí ẹ san lọ́dún yẹn nìkan, tí ẹ bá tiẹ̀ san án. Ẹni tó fi mílíọ̀nù ra púlọ́ọ̀tì tí koríko ṣì wà lórí rẹ̀, ọwọ́ òfo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lọ sílé.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé Òyìnbó. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá. Adájọ́ ní Èkó sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa Èkó, ní ẹ̀tọ́ sí, ẹ má san owó onílẹ̀ fún un. Olóyè ò gbà. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dá a láre pé ìdílé náà ló ni ilẹ̀ tọkàn tara, owó onílẹ̀ ni kí wọ́n san. Pọ́n-ùn 22,500 ni wọ́n gbà. Amúnisìn san owó ilẹ̀. Òfin tí àwa fúnra wa ṣe, bíríkì àti ẹ̀gẹ́ ló mọ owó rẹ̀.

Ìbéèrè: Tí owó náà bá kéré, ṣé a lè pẹjọ́?

Ìdáhùn: Ìwé òfin Nàìjíríà, abala 44, ní kí wọ́n san owó láìfi falẹ̀, kí onílẹ̀ sì lè lọ kóòtù lórí iye rẹ̀. Àmọ́ abala 47 Òfin Lílo Ilẹ̀ ní kóòtù kankan ò gbọ́dọ̀ dá sí i, kí ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ ilẹ̀. Gómìnà ló yan ìgbìmọ̀ ọ̀hún! Ẹni tó gba ilẹ̀ ló tún ń díye lé e. Bí àwọn aṣòfin bá fẹ́ dín agbára gómìnà kù lóòótọ́, abala yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fà ya.

Ìbéèrè: Kí ni "committed" tí àwọn ajẹnítì tó ń ta ilẹ̀ máa ń sọ?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tó sì ti ya sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan ni. Ẹ má rà á. Èyí tó kù lára ilẹ̀ tí wọ́n gbà, wọ́n lè yọ apá kan padà fún ìdílé tó ni ín, ìyẹn excision, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí gásẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ gbé nọ́ńbà inú sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General (tí Èkó wà ní Alausa) kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan.